Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo: Ẹ kọ́kọ́ wo dúróòmù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kí ẹ tó sanwó

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí 190 náírà lítà kan nígbà náà ti lé ní 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Iná ìjọba, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe mọ̀, kò ṣeé gbọ́kàn lé. Inú ìnira yìí ni àwọn ọlọ́jà kan ti ń rí ọjà tà. Wọ́n ní àwọn ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu bẹntiróòlù, tí kì í mu dísù, tí kò sì nílò oòrùn, ṣùgbọ́n tí yóò máa fún ilé ní iná tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn yóò sanwó, ó parí.

Ó ti pẹ́ tí irú ìpolówó báyìí ti wà lórílẹ̀-èdè wa. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ oníkòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tajà ní agbègbè Oǹdó, tàbí ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní Àkúrẹ́ tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó ṣòro kí ọkàn rẹ̀ má fà sí i. Owó tí wọ́n ń pè é kì í sì í ṣe owó kékeré. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, kí owó ọdún púpọ̀ má baà bá afẹ́fẹ́ lọ.

A kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà, a kò sì ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin ni a fẹ́ sọ, òfin tí kì í ṣe ìjọba ló ṣe é, tí kò sì sí lọ́yà tó lè bá èèyàn yí i padà. Àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀kọ́ náà ní thermodynamics, èyí tí wọ́n fa yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ooru àti agbára. Orúkọ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti dáná rí, tó ti lọ ata rí, tàbí tó ti sá kòkó rí, tí kò tíì fojú rí i.

DÚRÓÒMÙ TÓ GBÓNÁ LÁÌSÍ INÁ LÁBẸ́ RẸ̀

Ẹni tó bá ti gbé àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta tó ń lo dísù mọ ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn, irú Lister àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kó tó dún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni dúróòmù omi kan máa ń wà, tí rọ́bà tàbí páìpù méjì so ó pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, omi gbígbóná ń gba òkè padà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, kò sí ẹni tó lè ki ọwọ́ bọ omi náà kó pẹ́ níbẹ̀.

Ta ló wá dáná sí dúróòmù? Kò sí ẹni tó dáná sí i. Inú dísù ni ooru náà ti wá. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ra dísù kó lè fi lọ àgbàdo, kò rà á kó fi se omi. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà kò ní í lọ àgbàdo kankan bí kò bá se omi yẹn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá yọ dúróòmù kúrò, láìpẹ́ ẹ̀rọ yóò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì gan. Ẹ tún wo páìpù èéfín rẹ̀, òun náà gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, nínú náírà mẹ́ta tí wọ́n fi ra dísù, nǹkan bí náírà kan péré ló ń yí ọlọ. Náírà méjì yòókù ń bá omi àti èéfín lọ.

Inú dúróòmù yẹn ni òfin méjèèjì tó ṣe pàtàkì jù wà. Òfin kìíní ni pé agbára kì í sọnù, a kò sì lè dá a sílẹ̀ láti inú òfìfo. Òfin kejì ni pé kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè sọ gbogbo ooru tó gbà di iṣẹ́; ó di dandan kó da díẹ̀ nù síbi tó tutù.

ÒFIN KÌÍNÍ: AGBÁRA KÌ Í SỌNÙ, AṢỌ LÓ Ń PÀÀRỌ̀

Ohun tí a ń pè ní agbára níhìn-ín ni ohunkóhun tó lè ṣe iṣẹ́ tàbí tó lè mú nǹkan gbóná. Ó wà nínú igi ìdáná, ó wà nínú dísù, ó wà nínú ẹ̀bà tí a jẹ, ó wà nínú omi tó wà lókè tó fẹ́ wọ́ sísàlẹ̀. Láti inú ọ̀kan ni ó ti ń bọ́ sínú òmíràn. Ata tí obìnrin gbé lọ síbi ẹ̀rọ tutù nígbà tó gbé e dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò sí iná níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọlọ ṣe lórí ata ló di ooru. Ẹni tó ń fi póńpù fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ pẹ̀lú mọ̀ pé ìdí póńpù máa ń gbóná. Ní àkókò ọyẹ́, ọwọ́ méjì tí a fi ń ra ara wọn ni iná àkọ́kọ́ tí ọmọdé ń yá.

Ní ayé àtijọ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù rò pé ooru jẹ́ nǹkan kan bí omi tó sá pamọ́ sínú àwọn nǹkan. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, Benjamin Thompson, tí wọ́n tún ń pè ní Count Rumford, ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣiyèméjì. Ní ìlú Munich lórílẹ̀-èdè Jámánì, ó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń lu ihò sínú ìbọn àgbá. Ẹṣin ló ń yí irin náà. Ó ṣàkíyèsí pé bí irin ṣe ń ha irin, ooru kò yéé jáde. Ó gbé omi yí i ká, omi náà sì hó láàárín nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀, láìsí iná kankan. Ní ọdún 1798 ni ó kéde ohun tó rí. Bí ooru bá jẹ́ nǹkan tó pamọ́ sínú irin lóòótọ́, ì bá ti tán. Àṣé iṣẹ́ ẹṣin ló ń di ooru.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Prescott Joule, ọmọ ìdílé apọntí kan nítòsí Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá wọn ọ̀rọ̀ náà gédégédé láàárín ọdún 1840 sí 1850. Ó so ìwọ̀n mọ́ okùn, ó jẹ́ kí ìwọ̀n náà máa já bọ̀, kí okùn sì máa yí àwọn abẹ̀bẹ̀ kan nínú omi. Omi náà gbóná díẹ̀díẹ̀, Joule sì rí i pé iye iṣẹ́ kan náà ń mú iye ooru kan náà wá nígbà gbogbo. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń wọn agbára títí dòní.

Kí ìṣirò rẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká lo kòkó. Ooru tó ń gbà kí lítà omi kan ṣoṣo tó hó, tó iṣẹ́ tí a ó ṣe bí a bá fa odindi àpò kòkó kan, kílò 64, lọ sókè fún nǹkan bí 500 mítà. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, yóò mọ̀ pé ohun tí à ń sọ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí iná ìdáná fi ń jẹ igi púpọ̀, ìdí kan náà sì ni pé ooru díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ńlá bí a bá mọ bí a ṣe lè mú un.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé, kòkó tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí àgbẹ̀ bá fọ́ kòkó tán, tó kó hóró rẹ̀ jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta òkìtì náà yóò ti gbóná tó 45 sí 50 dígírì. Kò sí ẹni tó ṣáná sí i. Ṣé kì í ṣe ooru láti inú òfìfo nìyẹn? Rárá o. Omi dídùn tó wà lára hóró kòkó ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló ń sọ ṣúgà ibẹ̀ di ọtí. Àwọn mìíràn ń sọ ọtí náà di kíkan, ibẹ̀ sì ni ooru tó pọ̀ jù ti ń jáde. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń yí kòkó náà padà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Bí ṣúgà bá tán, ooru tán. Òkìtì kòkó pẹ̀lú ní oúnjẹ tó ń jẹ.

ÒFIN KEJÌ: OOHUN TÓ TI WỌ́ SÍSÀLẸ̀ KÒ NÍ Í DÁ GUN ÒKÈ

Bí agbára kò bá ń sọnù, kí ló wá dé tí a fi ń ra epo lójoojúmọ́? Kí ló dé tí a kò kàn máa lo ooru inú dúróòmù yẹn padà títí láé? Ìbéèrè yìí ni òfin kejì dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Omi tó wà lókè lè yí ẹ̀rọ bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀, omi náà kò dín kù. Bó ṣe pọ̀ lókè náà ló pọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó ti lọ ni gíga rẹ̀. Kò lè yí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹnìkan bá tún pọn ọ́n padà sókè, iṣẹ́ tí ẹni náà yóò sì ṣe kò ní í kéré sí èyí tí omi náà ṣe nígbà tó ń bọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Sadi Carnot, tó jẹ́ ológun, ló kọ́kọ́ fi ooru wé omi tó ń já bọ́ báyìí. Ní ọdún 1824, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 28, ó kọ ìwé kékeré kan nípa ẹ́ńjìnnì tí ń lo ooru omi híhó. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́, ooru gbọ́dọ̀ ti ibi gbígbóná lọ síbi tútù, àti pé bí ibi méjèèjì ṣe jìn síra wọn tó nínú gbígbóná ló ń sọ iye iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí a lè rí níbẹ̀. Àìsàn onígbáméjì pa á ní ọdún 1832, kò ju ẹni ọdún 36 lọ, àwọn èèyàn kò sì tíì ka ìwé rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni Rudolf Clausius ará Jámánì àti William Thomson, tí a mọ̀ sí Lord Kelvin, tún ọ̀rọ̀ náà tò láti ọdún 1850 lọ. Clausius ló fún ìwọ̀n bí agbára ṣe ń fọ́n káàkiri ní orúkọ tí wọ́n ń pè é dòní, entropy, ní ọdún 1865.

Ní èdè tiwa, ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé sílẹ̀ yóò tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tútù kò ní í dá gbóná. Ooru ń ti ibi gbígbóná lọ síbi tútù fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó padà, a ó ṣiṣẹ́. Fíríìjì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ń kó ooru inú rẹ̀ jáde sẹ́yìn, ó sì ń jẹ iná kó tó lè ṣe é. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì wò, yóò lọ́wọ́ọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ kí yàrá lè tutù, yàrá náà yóò túbọ̀ gbóná ni.

Òfin yìí kò yọ ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní Ọmọtóṣọ̀ọ́, ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ilé iṣẹ́ amúnáwá méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀kan láti pèsè nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 335, èkejì nǹkan bí 500. Gáàsì ni wọ́n ń jó. Èéfín tó ń jáde lẹ́yìn irú tọ́báìnì bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná ju 500 dígírì lọ, ojú ọ̀run ló sì ń gbà lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára gáàsì ló ń di iná mànàmáná. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà, bí èyí tó wà ní Okpai, ìpínlẹ̀ Delta, láti ọdún 2005, tí wọ́n ń fi èéfín gbígbóná náà se omi, kí omi híhó sì tún yí tọ́báìnì mìíràn. Àwọn tó dára jù nínú irú rẹ̀ lágbàáyé ń rí ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan tó ń rí gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè rí i láé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí lo ọdún púpọ̀ nínú òkùnkùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtòsí wọn ni Ọmọtóṣọ̀ọ́ wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi òfin ooru. Ọmọ aráyé ló ń ṣe ìyẹn fúnra wọn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló burú jù. Nínú lítà bẹntiróòlù márùn-ún, kì í sábà ju lítà kan lọ tó ń di iná. Mẹ́rin yòókù ń di ooru, èéfín àti ariwo tí kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn.

JẸNẸRÉTỌ̀ TÍ KÌ Í JẸUN

Ó tó àkókò wàyí láti padà sórí ọjà tí wọ́n fẹ́ tà fún wa. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣàlàyé rẹ̀ nìyí: bátìrì yóò yí mọ́tò oníná kan, irú èyí tó ń yí fáànù ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ. Mọ́tò yóò yí orí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ yóò tan iná ilé, yóò sì tún fi díẹ̀ nínú iná náà ṣájì bátìrì padà. Wọ́n ní bátìrì kò ní í tán mọ́ láé nítorí pé ó ń bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ṣírò owó àjọ. Ká ní agbára 100 ló jáde láti inú bátìrì. Mọ́tò kò lè lo gbogbo rẹ̀. Ara rẹ̀ yóò gbóná. Ká ṣàánú rẹ̀, ká ní ó lo 80. Orí jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú yóò gbóná. Nínú 80 tó gbà, ká ní ó mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún jáde, ìyẹn 64. Ṣájà àti bátìrì yóò gba tiwọn nígbà tí a bá ń dá a padà, yóò ku nǹkan bí 51. Bó ṣe yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyí, a kò tíì tan gílóòbù kan, ìdajì owó ti lọ. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tiwọn dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 90 jáde nínú 100, ohun tó máa padà sílé kò ní í ju 73 lọ. Kódà bó bá jẹ́ 99, yóò máa dín kù ni. Kó tó lè bọ́ ara rẹ̀ nìkan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé níbi gbogbo, òfin kejì sì ti ní kò ṣeé ṣe. Kó tó lè bọ́ ara rẹ̀ kó sì tún tan iná ilé, ó gbọ́dọ̀ ju 100 lọ, òfin kìíní sì ti ní kò ṣeé ṣe. Gbèsè méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá ń tan iná nígbà tí wọ́n bá wá fi hàn wá? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bátìrì tó kún ló ń tan án. Bátìrì ńlá kan, fóòtì 12 tó jẹ́ 200, lè gbé gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wọn jẹ́ 300 wáàtì fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún kódà lẹ́yìn tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ bá ti jẹ tiwọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹni tó ń tajà fi hàn wá kò lè tú àṣírí kankan.

ÀṢÍRÍ TÓ TÚ NÍ NEW YORK

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1812, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Redheffer gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, ó ní ó ń yí fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sanwó láti wò ó. Nígbà tí wọ́n fura sí i níbẹ̀, ó gbé e lọ sí New York ní ọdún 1813. Robert Fulton, gbajúgbajà onímọ̀ ẹ̀rọ tó kan ọkọ̀ ojú omi tí ń lo ooru omi híhó, wá wò ó. Ó ṣàkíyèsí pé yíyí ẹ̀rọ náà kò dọ́gba. Ó ń yára, ó ń rọra, bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá ń yí nǹkan. Ó yọ pákó díẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n tọ okùn náà dé yàrá òkè, bàbá arúgbó kan ló jókòó síbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ kan yí ẹ̀rọ, tó ń fi èkejì jẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì yẹn gan-an ni epo ẹ̀rọ náà.

Kódà ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1775, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris ti kéde pé àwọn kò ní í yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò mọ́, nítorí pé ó ti pọ̀ jù, tí kò sì sí ọ̀kankan tó jẹ́ òótọ́. Títí di òní, kò sí ẹyọ kan tó tíì yege.

OHUN TÍ ÒFIN YÌÍ LÈ ṢE FÚN WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀rọ yìí wé sólà. Sólà ń jẹun. Ìtànṣán oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí sólà tó dára, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń di iná. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ó jẹ́wọ́ pé oúnjẹ ti tán. Ohun tó ń jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká gbà gbọ́.

Oòrùn náà sì ti ń bá àgbẹ̀ wa ṣiṣẹ́ kí sólà tó dé. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan tán, omi inú rẹ̀ lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó gbẹ délẹ̀, omi inú rẹ̀ kì í ju ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 lọ. Kí àpò kan tó gbẹ, nǹkan bí kílò 65 omi gbọ́dọ̀ fò lọ. Ooru tó ń gbé omi yẹn lọ tó èyí tó wà nínú nǹkan bí lítà 5 bẹntiróòlù. Lórí àpò kọ̀ọ̀kan, oòrùn ń fi lítà 5 ta wá lọ́rẹ. Ẹni tó bá gbé kòkó rẹ̀ sórí pẹpẹ tí atẹ́gùn ń gbà lókè àti nísàlẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò láti sá a sí etí títì níbi tí èéfín mọ́tò yóò ti bà á jẹ́.

Amù ìyá àgbà pẹ̀lú ń pa òfin yìí mọ́. Omi díẹ̀díẹ̀ ń la ara ìkòkò amọ̀ jáde, ó ń fò lọ, ó sì ń kó ooru dání lọ, ìyẹn ni omi inú amù fi ń tutù láìsí iná. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Jigawa, fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ìgbá tí ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn Rolex ni wọ́n fi dá a lọ́lá ní ọdún 2000. Kò ní kò jẹun. Omi ló ń jẹ, a sì gbọ́dọ̀ máa bu omi sí i.

Nínú ilé ìdáná náà, àwọn baba wa ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń da ooru nù. Nínú ooru igi tí a kó sábẹ́ ìkòkò lórí òkúta mẹ́ta, ìdá 10 sí 20 péré nínú 100 ló ń wọ inú ọbẹ̀. Bí a bá fi amọ̀ mọ ògiri yí iná ká, tí a dé ìkòkò, tí a sì jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa kí a tó dá a, igi tí a ń lò lè dín kù gidigidi. Èéfín náà yóò dín kù, èyí kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní ọdún 2020.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé ẹ̀rọ tí kì í mu epo wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló ń jẹ? Bó bá ní oòrùn, omi tàbí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé. Bó bá ní kò jẹ nǹkan kan, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ ti ilẹ̀kùn yín.

Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí i, ẹ ní kó gbé e sí ààyè yín fún ọjọ́ mẹ́ta, kó máa gbé fáànù àti gílóòbù tọ̀sán-tòru, kí ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò sí wáyà tó wọ inú rẹ̀ láti ibòmíràn. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé. Ẹ tún lè pe ọmọ yín tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní FUTA, fásitì tó ti wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981, tàbí olùkọ́ físíìsì tó jáde ní Adéyẹmí ní Oǹdó. Ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò sọ ohun kan náà fún yín.

Bí kò bá sì sí ẹni tí ẹ lè bi, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ fọwọ́ kan dúróòmù rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń jẹ dísù tó tó báyìí ṣì ń da púpọ̀ nù. Èyí tí kò jẹ nǹkan kan rárá, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́?